Fóònù Ti Di Ẹnu-Ọ̀nà Yunifásítì: Ẹ Jẹ́ Kó Ṣeé Ṣí

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpèjọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀kọ́ gíga. N kò ní pẹ́, nítorí mo mọ̀ pé àmàlà ti ń tutù.

Ẹ jẹ́ ká rántí bó ṣe rí nígbà tiwa. Ẹni tó bá ṣe ìdánwò JAMB yóò wọ mọ́tò láti Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn, ó di Ìbàdàn, kó lọ wo orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Eruku ọ̀nà á bo gbogbo ojú. Ẹni tó bá rí orúkọ rẹ̀ á fò sókè, ẹni tí kò bá rí i á tún un kà lẹ́ẹ̀mẹta, bóyá ojú ló ṣì í. Ọ̀nà jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pátákó kì í béèrè irú bàtà tí èèyàn wọ̀. Gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ ló ń rí i kà.

Lónìí ńkọ́? GSM dé Nàìjíríà ní 2001. JAMB bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, nígbà tó fi di 2015, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Owó ìyá-ẹ̀kọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń béèrè fún un. Fọ́ọ̀mù, owó ilé-ẹ̀kọ́, èsì ìdánwò, gbogbo rẹ̀ ti bọ́ sínú fóònù. Ẹnu-ọ̀nà yunifásítì kò sí ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan mọ́. Àpò aṣọ ọmọ ló wà.

Ẹnìkan ti rí èyí tipẹ́. Mark Weiser lorúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox ní Kalifọ́níà. Ní 1991 ó kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà yóò kúrò lórí tábìlì, yóò tàn káàkiri títí a kò fi ní fiyè sí i mọ́. Ó ní òmíràn yóò mọ níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, òmíràn yóò tó bébà, òmíràn yóò fẹ̀ bíi pátákó ara ògiri. Weiser kú ní 1999, kò rí POS lábẹ́ agbòòrùn ní ọjà Ṣakí, kò rí dáràn-dáràn tó ń gba owó màlúù sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ohun tó sọ ti ṣẹ.

Ó ṣẹ, àmọ́ ó ní ibi tó ti ń ta wá lẹ́gùn-ún. Ẹ gbọ́ ìtàn kan.

Ní 2023, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọbìnrin, rí àyè gbà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Abúlé kan lọ́nà Àgó-Àrẹ lòun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n dẹ́kun gbígba owó tí gbogbo wa ń pè ní acceptance. Owó wà nílẹ̀ o! Ìyá rẹ̀ ti ta àgbàdo. Ọmọ náà gun orí àpáta tí nẹ́tíwọ̀kì máa ń wà, ó ṣí ojú ewé ilé-ẹ̀kọ́ náà. Àwòrán ńlá kan ló kọ́kọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fa omi nínú kànga jíjìn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán àwọn ọ̀gá. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn. Kí fọ́ọ̀mù tó jáde, dátà ti ń tán lọ. Ó kọ gbogbo rẹ̀ tán, kò rí bọ́tìnnì tí yóò tẹ̀. Ṣé ẹ mọ ibi tó wà? Apá ọ̀tún pátápátá, níbi tí ojú fóònù kékeré kò dé. Laptop ni ẹni tó ṣe é fi wò ó. Ó rí bọ́tìnnì tirẹ̀, ó gbowó iṣẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ náà pè mí: “Dádì Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, kò lọ.” Mo ṣí i lórí laptop mi, ó ṣí wẹ́rẹ́. Mo ní, “Ìwọ ni o kò mọ̀ ọ́n tẹ̀.” Ẹ̀bi mi nìyẹn, títí dòní ló ń dùn mí. Nígbà tó fi dé kàfé ní Ṣakí, iná ti lọ. Ní ọjọ́ kejì tó padà lọ, wọ́n ti tì í. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sílé. Ọmọ yìí kọ́ ló fèèlì o. Ojú ewé ló fèèlì.

Ẹ̀yin ará Ìsẹ́yìn, ẹ óò mọ ìtumọ̀ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ju àwọn onímọ̀ lọ. Ahunṣọ òkè kì í hun agbádá lódindi. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn ló ń hun, télọ̀ ni yóò gé e, tí yóò rán an pọ̀ bí ara ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ bá ṣe rí. Ní 2010, oníṣẹ́ ojú ewé kan, Ethan Marcotte, gbé irú ọgbọ́n yìí kalẹ̀, ó pè é ní responsive web design. Ó ní kí a má ṣe ojú ewé kan fún kọ̀ǹpútà, òmíràn fún fóònù. Kí a ṣe é ní ìdá-ìdá, kó máa wo bí gíláàsì ṣe fẹ̀ tó. Bó bá fẹ̀, ìdá mẹ́ta á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá há, wọn á tò sábẹ́ ara wọn, bọ́tìnnì á sì bọ́ sábẹ́ àtàǹpàkò. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun mọ́, kò sì gbówó lórí. Ẹni tó kọ̀ tí kò lò ó ló mọ̀dí ẹ̀.

Ìwúwo ojú ewé náà ńkọ́? Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ yìí, látòkè délẹ̀, kò tó kílóbáìtì 20. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù yà lè tó mẹ́gábáìtì 3. Fọ́tò ọ̀gá kan, bí a kò bá sọ ọ́ di kékeré, á gba dátà tó lè gbé irú ọ̀rọ̀ yìí ní ìgbà 150. Ní oṣù kìíní 2025, ìjọba fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi owó tó tó ìdá 50 nínú 100 kún iye tí wọ́n ń gbà. Ta ló ń san án? Ìyá tó ta àgbàdo ni.

Ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ náà ń yí. Nígbà tí kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní 2020, ọ̀pọ̀ ọmọ ló di pé inú fóònù ni kíláàsì wà. Fídíò wákàtí méjì kò lè dé abúlé, ṣùgbọ́n ohùn olùkọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún lórí WhatsApp, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ kúkúrú, á dé. Ìwé PDF tí a tò fún bébà ńlá, ńṣe lọmọ á máa fà á sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń yọjú wòran láti ojú ihò kọ́kọ́rọ́. Síbẹ̀, n kò sọ pé kí fóònù gba ipò olùkọ́ o. Politẹ́kíníìkì Òkè-Ògùn ti dá dúró ní Ṣakí láti 2014, LAUTECH náà ti ní ọgbà ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn ní Ìsẹ́yìn. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀. Kí fóònù gbé àkọsílẹ̀, kí kíláàsì wà fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ìbéèrè.

Kí wá ni mo fẹ́ kí a ṣe? Ohun mẹ́ta péré. Èkíní, ẹ̀yin tí ẹ wà nípò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ẹ má gba ojú ewé lọ́wọ́ ẹni tó bá fi laptop hàn yín. Ẹ ra fóònù tí owó rẹ̀ kéré jù lọ́jà, ẹ fún ọmọ abúlé, kó kọ fọ́ọ̀mù náà níṣojú yín. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, kó bá ohun tó ti kọ níbi tó fi í sí. Èkejì, bí ìgbà gbígba ọmọ wọlé bá dé, kí ẹgbẹ́ wa máa ṣí yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ìwé wa, ká sì ra epo jẹnẹrétọ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá pè yín pé “kò lọ,” ẹ má bú u. Ẹ gba fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wò ó.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé ní ọdún kejì. Ṣùgbọ́n ọdún tó lọ kì í padà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Pátákó ìgbà tiwa kò béèrè irú bàtà tí a wọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ti àwọn ọmọ wa máa béèrè irú fóònù tí wọ́n ní.

Àmàlà ti yá.