Wèrè Andy: A Tún Wo Living in Bondage

Fíìmù tòní dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú yín lọ: Living in Bondage, ti ọdún 1992. Tó bá jẹ́ Breaking Free tí Ramsey Nouah darí ní 2019 nìkan lẹ mọ̀, ìtàn bàbá ọmọ yẹn nìyí.

Èdè Igbo ni wọ́n fi ṣe é, àmọ́ ọwọ́ Yorùbá ò jìnnà sí i. Kenneth Nnebue tó gbé owó kalẹ̀ ti kọ́kọ́ gbé fíìmù Yorùbá jáde pẹ̀lú Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá, I Sho Pepper. Owó kékeré ni, kámẹ́rà fídíò ni, kásẹ́ẹ̀tì ló sì gbé e wọlé wa. Ọjà yẹn tà débi pé apá kejì jáde ní 1993, gbogbo ayé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fíìmù oògùn owó.

Ẹ rántí ìtàn náà. Andy, tí Kenneth Okonkwo ṣe, rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò ńlá, ojú ń kán an. Paulo mú un wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n ní kó mú Merit ìyàwó rẹ̀ wá. Ó kọ́kọ́ fẹ́ fi aṣẹ́wó kan, Tina, rọ́pò rẹ̀, kò bọ́ sí i. Merit kú, owó dé. Lẹ́yìn náà òkú Merit bẹ̀rẹ̀ sí í yọ sí i. Kò sí idán kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀ o! Ojú Okonkwo ló ń dẹ́rù bà wá. Nígbà tó yá, orí Andy dàrú, ó di ará abẹ́ afárá, ó ń jẹun lórí ààtàn.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká dúró sí. Àwọn àgbà ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa la wo wèrè Andy, a ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀!" Fíìmù lẹ́yìn fíìmù ló tún un ṣe: ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, ó ti ṣe nǹkan. Ó di ẹ̀rí.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Mo ń gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu àwọn èèyàn wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì: "Kí ló jẹ?" "Ta ló ń ṣe é?" Ọmọ ogún ọdún tí kò sùn láti ọjọ́ mélòó kan, tó ń gbọ́ ohùn tẹ́nì kan ò gbọ́, kò fi ẹnikẹ́ni ṣoògùn owó. Àìsàn ló ń ṣe é. Ìtìjú ló ń jẹ́ kí ilé tì í mọ́ yàrá títí ọ̀rọ̀ á fi bọ́ sórí.

Bẹ́ẹ̀ ilé wa náà mọ ìtọ́jú. Láti 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò ti ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn Arò, l'Abẹ́òkúta, máa gbé lábúlé pẹ̀lú ẹbí wọn, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú. Kò lé wọn sábẹ́ afárá.

Ẹ tún wo ẹni tó gbé Andy kúrò nílẹ̀: Tina ni, ẹni tó fẹ́ fi rúbọ. Kò dúró bi í pé kí ló ṣe kó tó fà á dìde. Ìran yẹn ló yẹ ká rántí.

Tí irú rẹ̀ bá wà nílé yín ní Amẹ́ríkà, ẹ pe 988, lọ́sàn-án tàbí lóru. Ẹ bá bàbá àti màmá yín wo fíìmù yìí, kẹ́ ẹ wá bi wọ́n léèrè nípa Andy. Ó dìgbà kan ná o.