Ìmọ́lẹ̀ Inú Ilé Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Fún Àwọn Ọmọ Wa

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)

 

Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ wa. Bí àwọn ọmọ bá ti ń parí ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí ń bi wá: "Tíṣà, iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí lè kọ́ tí yóò fi jẹun?" Púpọ̀ nínú wọn ń lọ kọ́ṣẹ́ wáyà lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n sì ń gba òmìnira lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn òmìnira, ènìyàn mẹ́wàá a máa du iṣẹ́ ojúlé kan ṣoṣo, onílé a sì máa dá iye owó lé wọn lórí bí ó ti wù ú. Ohun tí a fẹ́ sọ lónìí ni pé iṣẹ́ kan wà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti dúró sí ẹnu-ọ̀nà rẹ̀ láìmọ̀. Iṣẹ́ náà ni ti ayàwòrán ìmọ́lẹ̀.

Ayàwòrán ilé a máa sọ ibi tí ògiri yóò dúró. Oníṣẹ́ wáyà a máa gbé iná dé ibẹ̀. Ayàwòrán ìmọ́lẹ̀ ni yóò sọ ohun tí ojú ènìyàn yóò rí nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Òun ni yóò sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá, bí yóò ti pọ̀ tó, àwọ̀ tí yóò ní, àti ibi tí ó yẹ kí òjìji wà. Ẹ wo yàrá ìkàwé tí a fi gílóòbù kan ṣoṣo kọ́ sí àárín àjà rẹ̀. Ọmọ tí ó kọ ẹ̀yìn sí i ń fi orí ara rẹ̀ ṣíji bo ìwé rẹ̀. Iná wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ kò sí níbi tí a ti nílò rẹ̀.

Ìmọ̀ yìí ní òṣùwọ̀n. Lux ni a fi ń wọn bí ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí nǹkan ti pọ̀ tó. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Òṣùpá àrànmọ́jú kò tó 1. Ìlànà tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù béèrè 500 lux lórí tábìlì ọ́fíìsì tí a ti ń kà tí a sì ń kọ. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní máa méfò. Ó mọ̀ pẹ̀lú pé gílóòbù àtijọ́ tí ń jẹ watt 60 kò mọ́lẹ̀ ju LED tí ń jẹ nǹkan bí watt 9 lọ, nítorí pé ooru ni gílóòbù àtijọ́ ń sọ púpọ̀ nínú iná rẹ̀ dà. Ilé tí ó ní mẹ́wàá irú rẹ̀ ń jẹ watt 600 níbi tí 90 ti lè tó. Ní àdúgbò tí jẹnẹrétọ̀ àti sólà ti ń ran iná ìjọba lọ́wọ́, owó epo ni ìyàtọ̀ yìí.

Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì kì í ṣe àlejò ní Èkó. Ní 1896 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ amúnáwá kalẹ̀ níbẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún péré lẹ́yìn tí Edison fi gílóòbù rẹ̀ han ayé ní Amẹ́ríkà. Ìjọba dá ECN sílẹ̀ ní 1950. NEPA dé ní 1972, PHCN ní 2005. Ní 2013 ni wọ́n fi pínpín iná lé àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni lọ́wọ́. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, ohun tí a ń bi ara wa ni pé, "Ǹjẹ́ iná wà?" A kò ráyè bèèrè pé, "Irú ìmọ́lẹ̀ wo ni?" Ṣùgbọ́n ayé ń yí padà. Afárá tí ó so Lẹ́kkí mọ́ Ìkòyí, tí wọ́n ṣí ní 2013, iná ara okùn irin rẹ̀ wà lára ohun tí ó sọ ọ́ di olókìkí lálẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣíwájú iṣẹ́ yìí ni Richard Kelly, ará Amẹ́ríkà, tí ó bá wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí ilé gíga Seagram ní New York, èyí tí wọ́n parí ní 1958. Ní 1952 ni ó pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí a bá fi ti ilẹ̀ wa ṣe àpèjúwe rẹ̀, èkíní dà bí àtùpà orí àtẹ ní ọjà alẹ́, tí ń pe ojú sí ohun kan. Èkejì dà bí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ọyẹ́, tí ó tàn ká ibi gbogbo láìní òjìji. Ẹ̀kẹta dà bí wúrà ọrùn ìyàwó lóde àríyá, tí ń kọ mànà láti mú inú dùn. Ilé tí ó ní ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì pé.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwọn onímọ̀ ìmọ́lẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní New York ní 1906, àti ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909. Ní 1969 ni àwọn tí ń fi yíya ìmọ́lẹ̀ nìkan ṣe iṣẹ́ dá ẹgbẹ́ tiwọn, IALD, sílẹ̀. Òpó tí wọ́n gbé e lé ni pé kí ayàwòrán má jẹ́ ẹni tí ń ta gílóòbù, kí ìmọ̀ràn rẹ̀ lè jẹ́ ti oníbàárà nìkan. Ẹgbẹ́ náà ni ó bẹ̀rẹ̀ ìwé-ẹ̀rí CLD, èyí tí a kì í fi ìdánwò inú yàrá gbà: iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni a ó kó kalẹ̀ fún àwọn àgbà iṣẹ́ láti yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èyí yẹ kí ó fún yín ní ìgboyà.

Báwo wá ni ọmọ Pleasure yóò ṣe dé ibẹ̀? Kí ó kọ́ṣẹ́ wáyà parí, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Kí ó gba ìwé-ẹ̀rí oníṣẹ́ iná lọ́dọ̀ NEMSA. Bí ọ̀nà bá ṣí, kí ó tẹ̀ síwájú ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga bí Yaba Tech, tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Láti ọjọ́ kìíní, kí ó máa ya gbogbo iṣẹ́ tí ó bá ṣe sí ìwé, kí ó sì máa ya fọ́tò wọn pa mọ́ lálẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ àwọn olówó Ìkòyí ni. A kò ní tàn yín: oníbàárà tí yóò sanwó àwòrán nìkan kò pọ̀ ní àdúgbò wa. Nítorí náà, kí ọmọ má ṣe ju iṣẹ́ wáyà sílẹ̀ kí èkejì tó gbó. Ṣùgbọ́n ẹ wo òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta tí ó kọjá níwájú wa, tí ọ̀nà bọ́ọ̀sì BRT ti Òṣòdì sí Abúlé-Ẹ̀gbá ti ń gbà láti 2020. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, gbọ̀ngàn àríyá, ilé oògùn, ilé ìwé: gbogbo wọn ni wọ́n ń ra iná lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń ná owó lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò sí ẹni tí ó yàwòrán kí wọ́n tó rẹ́ ògiri.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìpàdé yìí jẹ́ mẹ́ta. Owó iná òpópónà wà níwájú yín lónìí: ẹ má ṣe jẹ́ kí a ra òpó kan kí a tó ya àwòrán ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò bọ́ sí, kí iná má baà máa fọ́ awakọ̀ lójú nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn nínú òkùnkùn. Èkejì, ẹ fi ọmọ méjì tí ń kọ́ṣẹ́ sí abẹ́ ẹni tí yóò ya á, kí ìmọ̀ náà lè kù sílẹ̀ fún wa. Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ bá wa wá ẹ̀rọ tí ń wọn lux, kí ẹ sì gbà láti máa tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ́nà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Òpó irin yóò dógùn-ún lọ́jọ́ kan, gílóòbù yóò sì jó. Ọmọ tí ó bá mọ iṣẹ́ náà ni yóò pààrọ̀ wọn.