Ibi Tí Ìwé Wa Ń Bọ́ Sí

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa, ní Adó-Èkìtì

 

Nígbà tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní, kì í ṣe ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn. Ohun tí ó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn ìwé tí à ń gbà láti orí ayélujára sínú kọ̀ǹpútà àti fóònù wa, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní dáńlóòdù. Mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni mo gbé wá síwájú àgbà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi ní àpótí páànù kan lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ìwé owó orí wà, àti ìwé ìrìbọmi wa, àti ìwé ilẹ̀, àti rìsíìtì owó ilé-ìwé. Bí a bá béèrè ìwé kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní òru, ó lè na ọwọ́ mú un láìtan fìtílà. Lónìí, ìwé tí ó tóbi ju ìwọ̀nyẹn lọ ń wọlé tọ̀ wá lójoojúmọ́: èsì ìdánwò WAEC, ìwé ìgbaniwọlé láti ọ̀dọ̀ JAMB, ìwé owó báńkì, fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n bí a bá bi wá léèrè ibi tí a kó wọn sí, ọ̀pọ̀ nínú wa kò lè dáhùn. Àwọn àgbà sì wí pé ibi tí a bá fi iyọ̀ sí ni ó ń sómi sí.

Ní ọdún tí ó kọjá, ọmọ àbúrò mi obìnrin rí àyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó ku ọjọ́ kan péré kí ìforúkọsílẹ̀ parí nígbà tí ọmọ náà sáré wá bá mi, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti dáńlóòdù ìwé náà, n kò sì rí i.” Mo bá a lọ sí ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ní agbègbè Fájuyì, níbi tí ó ti ṣe é. Nígbà tí a ṣí àpò tí a ń pè ní “Downloads”, ẹ̀dà mẹ́rin ni a bá níbẹ̀, ó ń jẹ́ orúkọ tí ó kún fún nọ́ńbà, ẹ̀rọ sì ti fi (1), (2) àti (3) sí ìdí àwọn mẹ́ta ìkẹ́yìn. Ìwé kò sọnù rárá. Ẹni tí ó ni ín ni kò mọ ilé rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó sanwó sí orí ohun kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lẹ́yìn èyí ni ó gbé mi dé iwájú yín lónìí. Nínú àpò kan náà ni mo ti rí ìwé àwọn ẹlòmíràn lọ jàra: ìwé ọjọ́ ìbí ọmọ ọlọ́mọ, ìwé owó báńkì obìnrin kan, àwòrán ìwé ìrìnnà. Bí mo ti ń mi orí pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ṣọ́ra, mo rí fọ́ọ̀mù kan tí orúkọ orí rẹ̀ jẹ́ tèmi. Nọ́ńbà NIN mi, oní-nọ́ńbà mọ́kànlá, wà lórí rẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì mi wà níbẹ̀, ìbuwọ́lùwé mi sì wà nísàlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ẹ̀kọ́ ni mo fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi sílẹ̀ ní ìta gbangba. Mo pa á rẹ́, mo dákẹ́, mo sì lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ohun tí mo kọ́ nìyí.

Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ayélujára ni wọ́n ń pè ní bráúsà. Tim Berners-Lee ni ó ṣe èyí àkọ́kọ́ ní ọdún 1990, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí CERN, lẹ́bàá ìlú Geneva. Àwọn tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa lónìí ni Chrome, tí ilé iṣẹ́ Google gbé jáde ní ọdún 2008, àti Firefox, tí ó jáde ní ọdún 2004, àti Opera Mini lórí fóònù. Bí ẹ bá tẹ ìwé kan pé kí ó wọlé, díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé. Ní inú Chrome orí kọ̀ǹpútà, orúkọ tí ó parí sí “.crdownload” ni ó máa ń jẹ́ títí yóò fi wọlé tán. Ẹni tí ó bá pa ẹ̀rọ kí ìyẹn tó yí padà, àbọ̀ ìwé ni ó ní.

Èkínní, ẹ yan ibi tí ìwé yín yóò máa bọ́ sí. Ní inú Chrome orí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ààmì tóótóó mẹ́ta tí ó wà lókè ní apá ọ̀tún, kí ẹ yan “Settings”, lẹ́yìn náà “Downloads”. Ẹ óò rí “Location”, èyíinì ni ibi ìpamọ́. Bí ẹ bá tẹ “Change”, ẹ lè yan ibòmíràn. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ìlà kan wà tí ó ní kí ẹ̀rọ máa béèrè ibi tí a fẹ́ fi ìwé kọ̀ọ̀kan sí kí ó tó gbà á. Ẹ tan án. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀rọ kò ní fi ìwé yín pamọ́ láìbi yín, ẹ ó sì lè fún ìwé ní orúkọ gidi, bíi “Èsì WAEC Ayọ̀”, dípò nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀. Firefox náà ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ nínú “Settings” tirẹ̀. Láti oṣù Ẹẹ́ta ọdún 2022 ni òun ti ń gba ìwé wọlé láìbéèrè, bí a kò bá sọ fún un pé kí ó máa béèrè. Lórí fóònù Android, ẹ wá “Downloads” nínú “Settings” ti Chrome. Bí ojú ìwé bá yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàpèjúwe, ẹ kọ “download” sínú àpótí ìwákiri tí ó wà lókè “Settings” orí kọ̀ǹpútà, yóò sì mú yín dé ibẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe gba ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ní inú Chrome, bí ẹ bá tẹ Ctrl àti J pọ̀, ìwé gbogbo tí ó ti wọlé yóò tò kalẹ̀. Ẹ wò ó ná kí ẹ tó tún ná owó dátà.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo ìrù ìwé. Ìwé kíkà sábà máa ń parí sí “.pdf”, àwòrán sí “.jpg”. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìwé ìgbaniwọlé ránṣẹ́ tí ó parí sí “.exe” tàbí “.apk”, kì í ṣe ìwé, ètò tí yóò máa ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ yín ni, ó sì lè jẹ́ olè. Bí bráúsà bá kìlọ̀ pé ohun kan léwu, ẹ má ṣe fi agídí gbà á.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá lo kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, pípa orúkọ ìwé rẹ́ nínú àkọsílẹ̀ Chrome kò pa ìwé náà rẹ́. Bákan náà ni ojú ìwé ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ń pè ní “Incognito”: ó ń gbàgbé ibi tí ẹ lọ, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ gbà sílẹ̀ yóò dúró síbẹ̀. Ẹ wọ inú àpò náà fúnra yín, ẹ pa á rẹ́, kí ẹ sì tún sọ “Recycle Bin” di òfo. Ẹ rántí pé ìwé tí ẹ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí onílé iṣẹ́ kí ó bá yín tẹ̀, inú irú àpò bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń bọ́ sí nígbà tí ó bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìwé ìrìnnà yín ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún ìyá yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

N kò wá láti dá àwọn ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà lẹ́bi. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ète búburú. Ṣùgbọ́n òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà wà láti ọdún 2023, ẹni tí ó bá sì gba ìwé ẹlòmíràn sọ́wọ́ ti di olùtọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ parí rẹ̀. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ ìlú wa, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe agbègbè náà, gba Olórí Ìjọba, Aguiyi-Ironsi, ní àlejò ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 1966, nígbà tí àwọn ọmọ ogun wá mú àlejò náà, ìtàn sọ pé Fájuyì kọ̀ láti fi í sílẹ̀, wọ́n sì pa àwọn méjèèjì. Ohun tí a fi síkàáwọ́ rẹ̀ ni ó kú lé lórí. A kò ní kí ẹnikẹ́ni kú nítorí bébà. Ṣùgbọ́n ní ìlú tí ó bí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò yẹ kí a sọ àṣírí ẹni tí ó gbẹ́kẹ̀ lé wa di ohun àwòyanu fún ẹni tí yóò jókòó tẹ̀lé e.

Nítorí náà mo dá àbá méjì. Kí Ẹgbẹ́ wa tẹ ìkéde ìlà márùn-ún ní èdè wa, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti Fájuyì dé Ìjìgbò, pé: “Kí o tó dìde, pa ìwé rẹ rẹ́.” Kí àwa olùkọ́ sì lo ọ̀sẹ̀ kan nínú ìsinmi gígùn láti kọ́ àwọn ọmọ, àti àwọn òbí tí ó bá fẹ́, ní ohun tí mo sọ yìí. Èmi yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara mi, nítorí pé ìwé tèmi wà nínú àwọn tí mo bá níbẹ̀.

 Kí Olódùmarè bù kún ìlú Adó, kí ó sì mú wa rí ọdún tí ń bọ̀ ní àlàáfíà. Àṣẹ.