Etí Ọmọ Tó Yọ Síta

Ìyá kan kọ̀wé sí mi nípa ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 8, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè ní Elétí Ehoro. Ọmọ náà kò fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mọ́. “Fadá, bí mo bá gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ, ṣé n kò ṣẹ Ọlọ́run tó dá a bẹ́ẹ̀?”

Rárá o. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1958, ọjọ́ márùn-ún péré kí ó tó jẹ́ ìpè Olúwa, Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Ítálì sọ̀rọ̀ lórí irú nǹkan yìí. Ó gbà pé kò lòdì, bí èrò ọkàn bá tọ́, bí ìdí rẹ̀ bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí kò sì fi ìlera sínú ewu ńlá. Iṣẹ́ náà gan-an kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1881, ní New York, Dókítà Ely ṣe é fún ọmọkùnrin ọdún 12 kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi ṣẹ̀sín. (Ẹnu ọmọdé kò yàtọ̀ níbikíbi!)

Ẹ̀yìn etí ni wọn yóò là. Wọn yóò ká eegun rírọ̀ rẹ̀ padà, wọn yóò rán an, wọn yóò sì fi báńdéèjì wé orí ọmọ náà. A kì í sábà ṣe é kí ọmọ tó tó bí ọdún 5. Kò kan ìgbọ́ràn rárá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àpá kan àwa aláwọ̀ dúdú púpọ̀. Ẹ ti rí ẹni tó lu etí lásán, tí ojú ihò náà wú jáde bí kókó, tí ó ń yún un, tí ó sì ń tóbi sí i. Kélọ́ídì ni wọ́n ń pè é. Bí irú rẹ̀ bá wà lára ìyá, bàbá, tàbí ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó mú ọ̀bẹ, nítorí kókó lẹ́yìn etí lè burú ju etí tó yọ síta lọ.

Màmá, ẹ tún bi ọmọ yín léèrè. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni ojú ń tì, ẹ fi etí ọmọ sílẹ̀. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ń bẹ̀bẹ̀, ẹ wá ojúlówó oníṣẹ́ abẹ lọ ní ilé ìwòsàn ńlá. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ olùkọ́ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ dé ní ọjọ́ Ajé, nítorí kíláàsì tó sọ ọmọ kan di ehoro yóò rí orúkọ mìíràn fún un lẹ́yìn báńdéèjì. Ẹ kọ èsì olùkọ́ náà ránṣẹ́ sí mi.