Ohun Tí Mo Kọ́ ní Kétu

Wọ́n ní kí n wá sọ ohun tí mo kọ́ nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ àlùfáà ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọ̀pọ̀ rẹ̀, inú ìwé kọ́ ni mo ti rí i.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ wa bá gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, wọn a rán wa lọ bá ìjọ gbé. Kétu ni wọ́n rán èmi lọ. Mo di Bíbélì mi, mo di ìwé Gíríìkì mi. Mo rò pé mo ti tó tán.

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́, mo wàásù títí. Nígbà tí a jáde, bàbá àgbà kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Pásítọ̀, ohùn yín dùn. Kí lẹ wí?" Yorùbá inú Bíbélì ni mo fi wàásù, èyí tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ, tí odindi rẹ̀ jáde ní 1884. Crowther fúnra rẹ̀ wá kí Alákétu ní 1853. Ṣùgbọ́n ọmọ Òṣogùn ni. Ohùn Kétu yàtọ̀.

Èyí kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí.

Ní alẹ́ Sátidé kan, ìyá àgbà kan mú ìwé kékeré kan wá. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n fún mi nítorí ọmọ-ọmọ mi tí ibà ń ṣe. Faransé ni wọ́n ń sọ, n kò gbọ́." Mò ń kọ ìwàásù lọ́wọ́. N kò tilẹ̀ na ọwọ́ gbà á. Mo ní, "Ìyá, ẹ mú un wá lọ́la, lẹ́yìn ìsìn." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì lọ. Ẹ gbọ́ o, wọ́n dúpẹ́!

Lẹ́yìn ìsìn ni mo kà á. Ìlà méjì péré ni. Ó ní ibà náà ti gun orí, kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Alùpùpù ni a fi gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, bí ibà bá mú ọmọ, tí gìrì ń mú un, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí, ẹ má dúró de ìwé kankan. Ẹ gbé e lọ.

Mo jókòó ti ìyá náà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mò ń sọ̀rọ̀ ṣáá, mò ń ka Sáàmù. Wọ́n ní, "Pásítọ̀, ẹ dákẹ́ díẹ̀." Mo dákẹ́. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ àlùfáà.

Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Irú ibà bẹ́ẹ̀ a máa ba etí jẹ́. Bóyá alẹ́ ọjọ́ kan yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá náà. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n kà, ẹ kò kà á. Èmi kò mọ̀ ọ́n kà. Ta ni ká bá wí?" N kò rí èsì fọ̀.

Láti ìgbà náà, bí ìsìn bá ti parí, mo máa ń jókòó sábẹ́ igi. Ẹni tó bá ní káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, tàbí lẹ́tà, tàbí ìwé ilẹ̀, á mú un wá. Ìyá náà wọ kíláàsì àwọn àgbà. Ní ọjọ́ tí mò ń padà sí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n gba bíró lọ́wọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ ọmọ-ọmọ wọn sẹ́yìn ìwé ìwàásù mi. Lẹ́tà kan wọ́ díẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi títí di òní.