Ẹ Jẹ́ Kí Á Fúnra Wa Kó Àwọn Ọmọ Wa Jáde

Ọ̀rọ̀ tí Alága bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ní Accra

  

Lónìí, a kò fẹ́ sọ̀rọ̀ owó oṣù tí àwọn kan jẹ ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a gbé wá. Gbogbo wa la mọ bí a ti ń ṣe é níhìn-ín. Ní ìdájí, a ti mú ọ̀nà ọjà pọ̀n. Nígbà tí a bá fi máa padà, àwọn ọmọ ti sùn. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń bọ́ wọn, òun ló ń mú wọn lọ sí ilé ìwé. A kò bú àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ o. Láìsí wọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kò ní lè ṣí ìsọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó là wá lójú nìyí. Nígbà tí àkọ́bí wa gba owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ó ra aṣọ. Ọmọbìnrin tó tọ́ ọ nílé wa ló fi í ránṣẹ́ sí. Tiwa dé lẹ́yìn oṣù méjì. A kò lè bá a jà, nítorí kò ṣe ohun tó burú. Ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ ló kọ́kọ́ rántí.

Nítorí náà, nígbà ọdún Àjíǹde tó kọjá, ní ọjọ́ Ajé tí àwọn ará Ghana máa ń gbé oúnjẹ jáde lọ ṣe fàájì, a ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ wa lọ kí ìyá rẹ̀. Àwa tọkọtaya nìkan kó àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù ní kékeré, ọmọ ọdún 9, ọdún 6 àti ọdún 2. A wọ trotro ní Madina, ó di ọgbà Aburi.

Ọdún 1890 ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Orí òkè ló wà, atẹ́gùn ibẹ̀ sì tutù ju ti Accra lọ. Àwọn igi ọ̀pẹ gàgàrà tò sí ọ̀tún àti òsì ọ̀nà. Hẹlikópítà àwọn ológun kan tó ti dógùn-ún wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń gùn.

Kò pẹ́ tí a fi rí i pé a kò mọ àwọn ọmọ wa. Àbíkẹ́yìn ń sunkún, ó ń pe Àǹtí. Ìyá rẹ̀ fún un ní ẹran, ó tu ú dànù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ọdún 6 ló wá sọ pé, "Màmá, ó ń ta á lẹ́nu. Àǹtí máa ń fi omi ṣan ata kúrò lára ẹran kí ó tó fún un." Ojú tì wá. Nígbà tí oorun dé, orin Twi ló ń bèèrè, a kò sì mọ̀ ọ́n. Àwa bàbá mú ọ̀já, a pọ̀n ọ́n, a ń lọ, a ń bọ̀ lábẹ́ ọ̀pẹ. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ọmọ sì sùn.

Lẹ́yìn oúnjẹ, a dé ìdí igi ńlá kan. Àwọn ọmọ ní onyina ni. A ní ní èdè tiwa, àràbà ni. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn àràbà tó wà ní ìlú wa, àti ti bàbá wa àgbà. Oníbàárà kankan kò pè wá. Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọmọ ọdún 9 ní, "Bàbá, n kò mọ̀ pé ẹ máa ń sọ ìtàn."

Ẹ̀yin ènìyàn wa, àwọn àgbà kò gbàgbé oṣù November 1969, tí ìjọba Busia fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò. Àwọn ọmọ mìíràn tí a bí síhìn-ín délé, wọn kò lè bá ìyá bàbá wọn sọ̀rọ̀. Gbogbo wa là ń kọ́lé sílé báyìí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ju èyí lọ: ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀. Kí ọmọ ọ̀dọ̀ sinmi, òun náà lẹ́bí. Ẹ tètè jáde kí oòrùn tó mú. Ẹ gbé oúnjẹ àti omi láti ilé. Ẹ pín iṣẹ́: kí ẹnì kan mú àwọn tó ń rìn, kí ẹnì kejì gbé ẹni tí a ń gbé. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sí àpò ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa fóònù ọjà, Yorùbá ni kí ẹ sì máa sọ. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀, kí ó kó wọn lọ sí etí òkun.

Ó rẹ̀ wá lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ ọjà lọ. Síbẹ̀, a ti dá ọjọ́ mìíràn. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ̀ wá, kí á sì mọ̀ wọ́n. Àṣẹ.