Ẹni Tí Ilé Gbára Lé: Adójútòfò Ìlera fún Òṣìṣẹ́ Mẹ̀kúnnù

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Nínú gbogbo ètò ìlera tí ìjọba ń ṣe fún mẹ̀kúnnù, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí owó rẹ̀ kò ká ìwòsàn ni wọ́n ń gbàgbé jù lọ. Òun gan-an sì ni ilé gbára lé.

Ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí? Ẹ jẹ́ ká wo Festac, àdúgbò wa ní Èkó yìí. Ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú tó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Nígbà tí àlejò lọ tán, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà lára àwọn tó rí ilé gbà níbẹ̀. Nígbà tí ètò adójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n kọ́kọ́ gbà sí i: òun fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀, àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Ọmọ tó bá ti dàgbà kọjá ìyẹn bọ́ kúrò lára káàdì òbí rẹ̀. Lónìí, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti di aránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé bàbá rẹ̀. Òmíràn ń tún fóònù ṣe ní Àgbójú, òmíràn ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Mile 2, òmíràn jẹ́ aláàárù ní Trade Fair. Kò sí ọ̀gá tí yóò bá wọn dá owó adójútòfò. Wọn kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kì í sì í ṣe olówó.

Ìjọba ń ran àwọn mìíràn lọ́wọ́: ọmọ ọwọ́ ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ kọ́ ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sí ìjọba ìbílẹ̀ Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wa níbí. Ohun tó dára ni, kí wọ́n má ṣe dín in kù. Ṣùgbọ́n ta ló ń san owó ọkọ̀ aboyún? Ta ló ń ra oúnjẹ fún ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ náà? Àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ni. Bí àìsàn bá dá a dùbúlẹ̀, aboyún àti ọmọ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo aránṣọ kan tó ti lé ní ogójì ọdún. Orí ń fọ́ ọ, ó lọ ra Panadol ní kẹ́míìsì. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó mu àgbo. Kò sí ẹni tó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í pariwo. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu rẹ̀ wọ́, apá kan kò gbé mọ́. Ẹbí rẹ̀ gbé e dé ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní kí wọ́n lọ gba káàdì. Wọ́n gba káàdì tán, wọ́n ní kí wọ́n san owó ìdógò. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìwé àyẹ̀wò lọ́wọ́ kan, ìwé oògùn lọ́wọ́ kejì, ó ń ti ojú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn, owó ni gbogbo wọn ń béèrè. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ tà. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ ló tẹ̀ lé e. Bóyá oògùn tí ì bá máa mu lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ì bá ti dènà gbogbo rẹ̀.

Bí a ṣe ń gba ìtọ́jú ní Nàìjíríà nìyẹn. Nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí a ń ná lórí ìlera, ó lé ní àádọ́rin tó ń ti àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ jáde tààrà. Ní ọdún 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà péjọ sí Abuja, wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìnáwó ìjọba yóò máa lọ sí ìlera. Orí ilẹ̀ wa ni wọ́n ti ṣèlérí yẹn, àwa náà kò sì tíì mú un ṣẹ.

Òfin kọ́ ló wọ́n wa. Ní ọdún 2015, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin ètò ìlera tirẹ̀, ètò tí a wá mọ̀ sí Ìlera Èkó. Òfin náà ya ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé sí àpò ìpínlẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tí kò lè san. Nígbà tí ètò náà bẹ̀rẹ̀, 8,500 náírà lọ́dún ni owó rẹ̀ fún ẹnì kan, 40,000 náírà fún ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà. Bí a bá pín ti ẹnì kan sí ojúmọ́, kò tó náírà 25. Bí iye náà bá tiẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta, kò tó ohun tí alájọ ń gbà lọ́wọ́ oníṣòwò lójúmọ́. Ní ọdún 2022, òfin àpapọ̀ tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Ní oṣù keje ọdún 2024, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú fi àṣẹ sọ ọ́ di dandan ní Èkó.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ ti há? Òfin ọdún 2022 dá owó sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n nílò àánú, ó sì ka wọn lẹ́sẹẹsẹ: ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún, aboyún, arúgbó, ẹni tó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ. Lẹ́yìn náà ló wá fi tálákà kún un, gẹ́gẹ́ bí wọ́n bá ṣe ń ṣàlàyé ẹni tí í ṣe tálákà láti ìgbà dé ìgbà. Inú gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ni aránṣọ wa wà. Bí wọn kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun náà kún un, ojú ẹni tó lè san ni wọn yóò máa fi wò ó.

Amẹ́ríkà ti rìn ní ọ̀nà yìí rí. Láti ọdún 1965 ni wọ́n ti ní Medicaid fún àwọn tálákà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, àgbàlagbà tí kò ní ọmọ tí ó ń tọ́ kì í rí i gbà tẹ́lẹ̀, bó ti wù kó tòṣì tó. Òfin ọdún 2010 ní kí wọ́n gbà á wọlé, kí wọ́n wo iye tó ń wọlé fún un nìkan. Ní ọdún 2012, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe bó bá ṣe wù ú. Maryland gbà, Texas kọ̀. Nítorí náà, ọmọ Yorùbá méjì tó ti di ọmọ onílùú níbẹ̀, tí iṣẹ́ wọn àti owó wọn kò yàtọ̀, lè máa gbé, ọ̀kan ní Baltimore, èkejì ní Houston, kí ọ̀kan ní káàdì, kí èkejì má ní. Ibi tí ìjọba fa ìlà sí ló yà wọ́n, kì í ṣe òṣì wọn.

Àwọn kan á ní owó kò sí. Ghana ṣe òfin adójútòfò tiwọn ní ọdún 2003, wọ́n sì fi owó orí ọjà, ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, tì í lẹ́yìn. Àwọn mìíràn á ní kò lè wúlò láàrin àwa. Ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007: àwọn àgbẹ̀ san díẹ̀, ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ san ìyókù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ wọn ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ibi tí ètò náà dé wálẹ̀ ju ti ibi tí kò dé lọ.

Ìfura àwọn èèyàn ló wúwo jù lọ́kàn mi. Wọ́n á ní, mo san owó, n kò ṣàìsàn, ta ló jẹ owó mi? Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ mọ ìṣirò yìí dáadáa: owó tí o dá ni o máa kó. Adójútòfò kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa ni a jọ ń dá a, ẹni tí àìsàn bá kàn ló ń kó o, ó sì lè kó ju ohun tó dá lọ ní ìlọ́po ogún. Òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa.

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Kí ìjọba Èkó kọ ọ́ sínú ìlànà pé oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣòwò kékeré tí owó tó ń wọlé fún un kò tó nǹkan wà lára àwọn tí owó tí òfin Èkó yà sọ́tọ̀ wà fún: kí wọ́n san gbogbo owó adójútòfò fún ẹni tí kò ní rárá, kí wọ́n san ìdajì fún ẹni tó lè gbìyànjú. Kí ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti ẹgbẹ́ awakọ̀ máa gba ìdajì yòókù lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn ní díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì lẹ orúkọ ẹni tó san mọ́ ara ògiri ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí gbogbo ojú rí i. Kí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti ìtọ̀ ṣúgà má sì wọ́n níbẹ̀, nítorí káàdì tí kò bá oògùn nílẹ̀, bébà lásán ni.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ tó wà níjòókòó yìí, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀, ẹ kọ ọjọ́ orí wọn àti iṣẹ́ wọn, kí ẹ mú ìwé náà lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ àti sí ọ́fíìsì Ìlera Èkó. Ìjọba lè ní òun kò mọ tálákà. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí orúkọ wọn bá ti wà lórí tábìlì rẹ̀.